Bítà, Imí Ọjọ́ àti Ahọ́n Papa Ngozi

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n ṣe lọ́jọ́ tí mo wọ iṣẹ́ ni pé kí n la ẹnu.

Mo ti múra sílẹ̀ fún ìbéèrè. Mo wọ ẹ̀wù funfun gígùn, mo ki pẹ́ẹ̀nì méjì bọ àpò àyà rẹ̀, mo sì há ìwé ẹ̀rí yunifásítì mi mọ́ abíyá bí ẹni pé wọ́n fẹ́ já a gbà. Ilé iṣẹ́ rọ́bà kan ni, ní Emene, lẹ́yìn ìlú Enugu. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ lọ rí Papa Ngozi ní sítọ́ọ̀. Mo bá ọkùnrin kan níbẹ̀ tó ti ń hewú, ó kúrú, èjìká rẹ̀ fẹ̀, eruku funfun sì bo irun apá rẹ̀. Kò wo ìwé mi rárá. Ó ti ìka kan bọ inú garawa, ó gbé e síwájú ẹnu mi. Ìyẹ̀fun tó pupa rúsúrúsú díẹ̀ wà lórí rẹ̀.

"Tọ́ ọ wò," ó ní.

"Papa, kẹ́míkà nìyí. A kì í fi kẹ́míkà sẹ́nu."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ní yunifásítì, wọ́n kọ́ wa pé…"

"Yunifásítì ò sí nínú sítọ́ọ̀ yìí. Tọ́ ọ wò, kó o lè dá a mọ̀ lọ́jọ́ mìíràn."

Mo tọ́ ọ wò. Ó korò ju ewúro lọ, ó korò ju dóńgóyárò lọ. Mo tu itọ́ títí, mo fi omi yọ ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta, kíkorò náà kò kúrò ní ẹnu mi títí di ọ̀sán. Papa Ngozi jẹ́ kí n tu itọ́ tán, ó tún ti ìka mìíràn bọ inú garawa kejì. Ìyẹ̀fun tinú ìyẹn náà pupa rúsúrúsú. Mo tọ́ ọ wò, kò ní adùn, kò sì korò, bí ẹni tọ́ iyẹ̀pẹ̀ wò ni.

"Ó dáa," ó ní. "O ti parí yunifásítì báyìí. Bítà ni èyí tó korò. Imí ọjọ́ ni èyí tí kò dùn tí kò korò. Ẹni tó bá ṣi ọ̀kan mú fún èkejì ti ba iṣẹ́ gbogbo wa jẹ́."

Pijin la jọ máa ń sọ, pẹ̀lú Ìgbò díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu rẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ di Yorùbá níbí. Ó ti ṣiṣẹ́ nínú kòtò èédú nígbà èwe rẹ̀ kí ó tó bọ́ síbi rọ́bà, òun ló sì ń wọn gbogbo ohun tí a ń pò mọ́ rọ́bà láti ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ náà ti ṣílẹ̀kùn. Ngbati ló ń pè mí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń fi àwa Yorùbá ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní a kì í sọ gbólóhùn méjì kí "nígbà tí" má wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa Bítà, torí òun ló bọ́ mi fún ọ̀pọ̀ ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé gùn débi pé àwọn tó ń tà á pàápàá kì í pè é tán. Lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n ń kọ sára àpò, M, B àti T. Àwọn òṣìṣẹ́ wa sọ ọ́ ní Bítà, wọn kò sì ṣìwí. Ọmọ ìdílé kan ni, tí àwa kẹ́místì ń pè ní tayọ́ọ̀lì. Bí ẹ bá fi ojú inú wo ohun tó wà nínú wọn, ẹ ó rí ègé imí ọjọ́ kan àti ègé haidirójìn kan tí wọ́n so mọ́ra, tí wọ́n wá rọ̀ bí ìrù sí ara òrùka tí àwọn ègé mìíràn so pọ̀ ṣe.

Mo ti mọ èyí tó jẹ́ bàbá àgbà nínú ìdílé náà kí n tó mọ Bítà. Tayofínọ́ọ̀lì ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí a wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, olùkọ́ wa kan gbé ìgò kékeré kan wá sí kíláàsì. Ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́ gaara bí omi òjò. Ó ní kò ní ju kí òun kàn ṣí i, kí òun sì dé e padà. Ó ṣí i, ó sì dé e padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ìdérí tó jókòó, ìdajì kíláàsì ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òórùn rẹ̀ dà bíi ti áyù tó ti rà, tí ẹnì kan wá fi iná sun táyà lé lórí. Olùkọ́ náà dá dúró níwájú, ó fi aṣọ ìnujú bo imú, ó ń bá ìkọ́ni lọ: májèlé ni, ẹ má jẹ́ kó kàn yín lára, bí ẹ bá ṣí i sílẹ̀ sínú afẹ́fẹ́, yóò máa yí padà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di ohun funfun tó le, wọ́n ń fi í ṣe oògùn tí ènìyàn ń lò àti oògùn tí ń pa kòkòrò. Fún ọjọ́ méjì, kò sí ọmọbìnrin tó fẹ́ jókòó tì wá ní ilé oúnjẹ. Mo rò pé n kò ní pàdé ìdílé yẹn mọ́. Ìdílé yẹn ló wá fún mi ní iṣẹ́.

Bítà kì í rùn tó bẹ́ẹ̀. Òórùn tirẹ̀ fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ lára aṣọ. Iṣẹ́ rẹ̀ nínú rọ́bà kò ṣòro láti lóye fún ẹni tó bá ti se ẹ̀wà rí. Bí rọ́bà bá ti ara igi wá, ó rọ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, oòrùn á tún sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Imí ọjọ́ pẹ̀lú ooru ni wọ́n ń sọ ọ́ di ohun tó le tó sì ń nà. Ṣùgbọ́n imí ọjọ́ nìkan lọ́ra, bí iná lábẹ́ ẹ̀wà tó ti gbó. Bítà ni kán-ún. Ìwọ̀n díẹ̀ péré, ohun tí ì bá gba ọ̀pọ̀ wákàtí á di ti ìṣẹ́jú mélòó kan. Ó tún ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Ó fẹ́ràn bàbà, á sì fi awọ tín-ínrín bo ara bàbà kí omi má bàa jẹ ẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi díẹ̀ sínú àwọn omi kan tí à ń dà sí radiétọ̀ ọkọ̀. Àbùkù tirẹ̀ ni pé kì í bá awọ gbogbo ènìyàn rẹ́. Ọdún kejì mi níbẹ̀, ẹ̀yìn ọwọ́ mi ń yún mi, ó ń bó. Ìyàwó mi wọ sílípáàsì tí mo mú bọ̀ láti ibi iṣẹ́, àmì okùn rẹ̀ sì yọ pupa sí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní ẹ̀bùn tí mo fún òun nìyẹn tí òun kò lè bọ́ kúrò lẹ́sẹ̀.

A ń gbé ní Uwani, kò jìnnà sí Kenyatta Market. Olùkọ́ ni ìyàwó mi, Ìyá Fúnmi. Àwọn ará àdúgbò gbọ́ pé kẹ́místì ni mí, wọ́n sì rò pé oògùn ni mò ń tà. Wọ́n á kan ilẹ̀kùn pé kí n fún àwọn ní ti orí fífọ́. Ìyàwó mi á ní kí wọ́n má ṣe jẹ ohunkóhun láti ọwọ́ ọkọ òun. Ní ṣọ́ọ̀ṣì àwa Yorùbá, àga gígùn tí mo bá jókòó lé kì í kún nítorí òórùn Bítà, àfi bí àwọn yòókù bá ti jókòó kí n tó dé. Fúnmi nìkan ni òórùn náà kò dà láàmú. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà yẹn, inú ẹ̀wù iṣẹ́ mi ló sì máa ń sùn.

Òfin ilé iṣẹ́ wa ni pé ìyẹ̀fun kankan kò gbọdọ̀ jáde ní sítọ́ọ̀ láìjẹ́ pé kẹ́místì ti yẹ̀ ẹ́ wò, tó sì ti fọwọ́ sí ìwé kékeré kan pé ohun náà ni lóòótọ́. Àyẹ̀wò náà kò le. Ẹ da omi kọ́sítíìkì, sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, sínú ife gíláàsì, ẹ bu ìyẹ̀fun náà sí i, ẹ rò ó. Bítà á yòrò, omi á mọ́. Imí ọjọ́ kò ní yòrò, á kàn máa léfòó. Kò tó àkókò tí ènìyàn fi ń mu ife tíì kan. Ní ọdún kìíní mo ń ṣe é lójoojúmọ́. Ní ọdún kejì mo ń ṣe é lọ́jọ́ tí omi bá wà nínú ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà mo rí i pé ahọ́n Papa Ngozi kò ṣìnà rí. Bí mo bá sọ pé Bítà ni lẹ́yìn tí mo ti da omi, tí mo ti rò, òun ti sọ ọ́ kí n tó rí ife. Mo wá ń fọwọ́ sí ìwé mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo ń tò wọ́n sórí tábìlì mi, Papa Ngozi á sì máa wá mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo bá a sọ̀rọ̀ nípa ahọ́n yẹn lẹ́ẹ̀kan. Mo ní, "Papa, ohun tí ẹ ń tọ́ wò yìí kò dáa fún ara."

"Èédú ń kọ́?" ó ní. "Ṣé ìyẹn dáa? Ó wà nínú àyà mi níbí."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àwa náà kò mọ̀ nígbà yẹn tó bí àwọn ènìyàn ṣe mọ̀ lónìí.

Ní ọdún kẹrin mi, Papa Ngozi bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn nípa oúnjẹ. Mama Ngozi, ìyàwó rẹ̀, máa ń di ọbẹ̀ ewúro sínú fúláàsì fún un, èyí tí wọ́n ń pè ní onugbu. Á ṣí i ní ọ̀sán, á tọ́ ọ wò, á sì sọ ìdérí sílẹ̀.

"Ẹ wá wo obìnrin yìí o! Ó ti fọ onugbu mi dé odò Onitsha!"

Àwọn òṣìṣẹ́ á máa rẹ́rìn-ín. "Papa, ẹ fẹ́ ìyàwó mìíràn!"

"Ìyàwó mìíràn wo? Èyí tó wà ńlẹ̀ ò tíì fọ ewé tán."

Ní ọjọ́ kan ó pè mí jókòó, ó bu fùfú fún mi, ó ti abọ́ sí mi. "Ngbati, ìwọ kàwé. Jẹ ẹ́ kó o sọ òtítọ́. Ṣé èyí korò?"

Mo fi òkèlè kan ṣọwọ́ sí ẹnu. Ọbẹ̀ náà korò bó ṣe yẹ kó korò, ó sì dùn. Mo gbójú sókè, mo rí i bó ṣe ń wò mí. Ọmọ Yorùbá ni mí. Wọ́n tọ́ mi pé bí àgbà bá ní ọ̀rọ̀ rí báyìí níwájú oúnjẹ rẹ̀, kì í ṣe èmi ni n ó bá a jiyàn.

"Òótọ́ lẹ sọ, Papa," mo ní. "Wọ́n ti fọ̀ ọ́ jù."

Inú rẹ̀ dùn. Ó lu itan. "Ẹ gbọ́! Kẹ́místì ti yẹ̀ ẹ́ wò!"

Ohun tí mo kà ní yunifásítì kò ràn mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó yẹ kó mọ̀ pé ahọ́n tí à ń gbé iṣẹ́ lé ti kú ni mí. Ẹ̀rí rẹ̀ wà lẹ́nu mi, mo sì gbé e mì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni òjò kan rọ̀ tó gba òrùlé wọ sítọ́ọ̀. Àwọn àpò bébà tútù, wọ́n ya, orúkọ ara wọn sì parẹ́. Papa Ngozi kó ìyẹ̀fun tó gbẹ sínú garawa tuntun, garawa aláwọ̀ kan náà ni gbogbo wọn, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sí wọn lára. Ọwọ́ àwọn tó ń gbé wọn nu ṣọ́ọ̀kì náà kúrò kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Gílóòbù kan ṣoṣo ló wà nínú sítọ́ọ̀, lábẹ́ rẹ̀ ìyẹ̀fun méjèèjì kò yàtọ̀ sí ojú. Òórùn imí ọjọ́ sì kún gbogbo ilé débi pé imú kò lè dá nǹkan kan mọ̀. Ahọ́n nìkan ló kù, àti ife gíláàsì mi.

Iṣẹ́ ńlá kan wà nílẹ̀ nígbà yẹn, ìsàlẹ̀ bàtà fún àwọn ọmọ ilé ìwé, ìwọlé sì ti súnmọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, Papa Ngozi wọn gbogbo nǹkan, wọ́n pò ó láàárín irin róbótó méjì tí ń yí kọjú síra wọn, wọ́n gé e ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, wọ́n jẹ́ kó sinmi. Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n kó o sínú mọ́ọ̀dù, irin tí ń fún un ní ìrísí bàtà, wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ nínú ooru fún iye ìṣẹ́jú tó yẹ. Mo gbọ́ ariwo láti yàrá mi.

Nígbà tí mo débẹ̀, òṣìṣẹ́ kan ń fa ìsàlẹ̀ bàtà àkọ́kọ́ jáde, kò sì tán. Ó ń nà bí ẹ̀bà tí omi rẹ̀ pọ̀ jù, ó lẹ̀ mọ́ mọ́ọ̀dù, ó lẹ̀ mọ́ ìka. Wọ́n gbìyànjú ìkejì, bákan náà. Gbogbo rẹ̀ ni, òkìtì lórí òkìtì. Mo sáré bu nínú garawa tí wọ́n lò fún Bítà, mo dà á sínú omi kọ́sítíìkì, mo rò ó. Ó léfòó. Imí ọjọ́ la fi kún imí ọjọ́. Kò sí kán-ún kankan nínú ẹ̀wà wa.

Mo gbìyànjú láti gbà lára rẹ̀ là, mo pò ó padà pẹ̀lú Bítà gidi. Ó le lóòótọ́, ṣùgbọ́n imí ọjọ́ tó pọ̀ jù hù jáde sí ojú rẹ̀ bí àtíkè, ó sì ń sán bí a bá ká a. Àwọn tó ní kí a ṣe é kò gbà á lọ́wọ́ wa.

Máníjà wa kì í pariwo. Ó pe èmi àti Papa Ngozi sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó gbé ìwé kékeré náà sórí tábìlì. "Ta ló fọwọ́ sí èyí?"

Ọwọ́ mi ni. Kò sí ẹni tí kò mọ ọwọ́ mi. Papa Ngozi ti dìde kí n tó la ẹnu.

"Ọ̀gá, èmi ni kí ẹ bi. Mo mú ìwé yẹn lórí tábìlì Kẹ́místì. N kò mú ìyẹ̀fun kankan wá fún un kó yẹ̀ wò. Ahọ́n mi ni mo gbẹ́kẹ̀ lé, ahọ́n mi sì ti kú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fura pé n kò mọ adùn nǹkan mọ́. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀."

Máníjà yíjú sí mi. "Kẹ́místì, ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Òótọ́ ni pé ó mú ìwé náà lórí tábìlì mi. Èmi ni mo tò ó síbẹ̀ kó lè mú un. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tó kù, ẹnu mi ló sì yẹ kó ti jáde. Mo rántí Fúnmi nínú ẹ̀wù mi. Mo rántí pé èmi ni mo kó wọn wá sí ìlú tí a kò ti ní ẹbí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," mo ní.

Papa Ngozi kúrò níṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó kù díẹ̀ kí àkókò ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tó pé. Ní ilé iṣẹ́ wa, ẹni tó bá fẹ̀yìn tì, a máa ń pé jọ sí ẹnu ọ̀nà ńlá, máníjà á gbé agogo ara ògiri fún un, àwọn obìnrin á kọrin, a ó sì sìn ín dé ojú títì. Ẹnikẹ́ni kò sin Papa Ngozi. Ó gbé fúláàsì rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà lọ. Mo wò ó láti ojú fèrèsé.

Ó tó oṣù méjì kí n tó lè lọ kí i. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Amechi, mo bá a lábẹ́ igi ọ̀rọ̀ǹbó ní iwájú ilé rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mama Ngozi gbé oúnjẹ wá fún mi kí n tó jókòó tán, ọbẹ̀ onugbu ni.

"Ngbati," Papa Ngozi ní, "ọdún kan gbáko ni mo fi bú obìnrin yìí nítorí ewé."

"Ọdún kan kọ́," Mama Ngozi sọ láti ẹnu ọ̀nà. "Ọdún méjì ni. Mo ti kà á."

"Ọdún méjì. Bó ṣe ń fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ tí mo fẹ́ ẹ náà ló ṣì ń fọ̀ ọ́. Mo ti bẹ̀ ẹ́."

"Ẹ̀bẹ̀ ṣì kù," obìnrin náà ní.

Papa Ngozi rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó wo àwo mi. "Lọ́jọ́ tí mo ní kó o jẹ nínú fúláàsì mi, ṣé kò korò?"

"Ó korò, Papa."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Àgbà mi ni yín. N kò lè bá yín jiyàn."

Ó rẹ́rìn-ín débi pé ikọ́ èédú rẹ̀ dìde. "Chineke! Ìwà rere ọmọ Yorùbá ló lé mi kúrò níṣẹ́!"

N kò lè bá a rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Papa, kí ló dé tí ẹ gba gbogbo rẹ̀ sọ́rùn? Ẹ̀ bá jẹ́ kí n sọ tèmi."

Ó ti ẹ̀wà sí ẹ̀gbẹ́ kan. "O ṣì ń pọn ọmọ. Èmi ti pọn tèmi tán. Ohun tí mo rò nìyẹn, mo sì sọ̀rọ̀." Ó gbójú sókè wò mí. "Ṣùgbọ́n mi ò di ẹnu rẹ, nwa m. O ní ẹnu lọ́jọ́ yẹn."

Nwa m ni ọmọ mi. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Mo jẹ oúnjẹ náà tán, mo dúpẹ́, mo sì wọ ọkọ̀ padà. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n ránṣẹ́ pé ó ti kú. Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, mo dúró lẹ́yìn pátápátá, ẹnu mi ṣì wà ní dídì.

Láti ọjọ́ ìsàlẹ̀ bàtà yẹn títí mo fi kúrò níṣẹ́, n kò fọwọ́ sí ìwé kan tí n kò rí ife rẹ̀. Wọ́n sọ mí di olórí kẹ́místì. Mo kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní iṣẹ́, wọ́n sì ń sọ lẹ́yìn mi pé mo le jù, pé bàbá yìí á fẹ́ yẹ omi mímu wò. Kò sí ẹni tó bi mí léèrè ìdí, n kò sì sọ. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n pé jọ sí ẹnu ọ̀nà ńlá, wọ́n gbé agogo ara ògiri fún mi, wọ́n sì sìn mí dé ojú títì. Bàtà láti òkè òkun ti ń pa ilé iṣẹ́ náà nígbà yẹn. Wọ́n ta àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Bí mo bá gba Emene kọjá báyìí, sìmẹ́ńtì ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Agogo náà wà ní ọ̀nà ilé ìdáná wa, níbi tí àlejò kì í dé.

A ṣì ń gbé ní Uwani. Fúnmi wà ní Abuja pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, bí wọ́n bá pè mí lórí fóònù, "Grandpa, how body?" ni Yorùbá tí wọ́n gbọ́. Ìwọ̀nba nǹkan ló kù tí ènìyàn ń ṣe. Mò ń kàwé títí ojú á fi rẹ̀ mí, mò ń rìn dé Kenyatta Market, mo sì ń padà.

Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, Ìyá Fúnmi ra ewúro níbẹ̀, ó se ọbẹ̀ bí àwọn ará ibí ṣe ń sè é. Ó ti mọ̀ ọ́n sè ju ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Mo fi òkèlè kan sẹ́nu. Mo fi èkejì sẹ́nu. Ata wà níbẹ̀, ó ta mí. Kò sí ohun mìíràn.

"Ìyá Fúnmi," mo ní, "ewúro yìí…"

"Kí ló ṣe é?"

"Ó dà bí pé ẹ ti fọ̀…"

Mo rántí fúláàsì Papa Ngozi. Òkèlè wà lọ́wọ́ mi. Ìyàwó mi ń wò mí.

"Mo ti fọ kí ni? Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fọ̀ ọ́. Ó korò débi pé mo fẹ́ fi omi kún un. Bàbá Fúnmi, ṣé kò korò lẹ́nu yín ni?"

"Kò korò," mo ní. "Kì í ṣe ọwọ́ yín. Ahọ́n mi ni. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí mo ti ń fura."

Ó fi ṣíbí sílẹ̀. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àwọn ìwé tí mo fọwọ́ sí láìrí ohun tó wà nínú garawa, oúnjẹ inú fúláàsì, ọ́fíìsì máníjà, àti "bẹ́ẹ̀ ni, sà" tí mo sọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin láìdá mi lẹ́nu, ó sì wo ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ìdí nìyẹn tí agogo yẹn fi wà níbẹ̀," ó ní.

"Ìdí nìyẹn."

"Ọmọ Papa yẹn, Ngozi, ṣé ó ṣì wà ní Amechi?"

"Ó wà níbẹ̀. Ó ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé."

"A ó lọ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ ó gbé agogo náà dání, ẹ ó sì fi ẹnu yín sọ ọ́ fún un." Ó ti àwo mi súnmọ́ mi. "Ẹ jẹun, ó ti ń tutù."

Mo jẹ ẹ́ tán. N kò mọ bó ṣe korò tó. Ìyàwó mi ní ó korò, mo sì gbà á gbọ́.